Òfin Ìdámẹ́ta Kì í Ṣe Ìpìlẹ̀ Ìtò Àwòrán

Ìtò àwòrán ni iṣẹ́ yíyan ohun tí yóò wọ inú fọ́tò, ohun tí yóò kù síta, àti ibi tí èyí tó wọlé yóò dúró sí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lóde òní, ì báà lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ì báà wo fídíò lórí fóònù, òfin kan ni wọn yóò kọ́kọ́ há sí i lórí: kí ó fi ìlà méjì pín ojú àwòrán sí mẹ́ta ní òró, kí ó fi méjì mìíràn pín in sí mẹ́ta ní ìbú, kí ó sì gbé ohun tí ó ń yà sí ibi tí ìlà ti pàdé ìlà. Àárín di èèwọ̀. Òfin ìdámẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Ó gbilẹ̀ débi pé àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà àti fóònù ti kó ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ jáde sójú gíláàsì ni. Ìmọ̀ràn kékeré ni òfin yìí, ó sì ní ibi tó ti wúlò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé wọ́n sọ ọ́ di ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń mọ ibi tí nǹkan yẹ kó dúró sí kí ó tó mọ ohun tí nǹkan ọ̀hún wá ṣe nínú àwòrán.

Òfin náà kò ti ọ̀dọ̀ oníkámẹ́rà wá. Inú Remarks on Rural Scenery ni wọ́n tọpa orúkọ rẹ̀ dé, ìwé tí John Thomas Smith, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń fín àwòrán sára bàbà, tẹ̀ jáde ní 1797, ọdún 42 kí wọ́n tó kéde ọ̀nà ìyafọ́tò tí Daguerre hùmọ̀ ní Paris ní 1839. Àwòrán ìgbèríko tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ni Smith ń sọ̀rọ̀ lé. Ohun tó wí ni pé bí ilẹ̀ àti omi bá gba ìdá kan nínú mẹ́ta, kí òfuurufú gba ìdá méjì, tàbí kí ó jẹ́ òdìkejì bẹ́ẹ̀. Ó sì fẹ́ kí wọ́n fi irú ìwọ̀n kan náà pín ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Kò pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ojú ènìyàn sí ibi tí ìlà méjì ti pàdé. Báwo wá ni ìmọ̀ràn lórí pápá àti sánmọ̀ ṣe di àṣẹ lórí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ọba orí ìtẹ́ àti ọmọdé tó ń jẹ àkàrà? Ó rọrùn láti kọ́ni, ó sì rọrùn láti fi máàkì sí. Ìyẹn náà ti tó láti mú kí òfin kan pẹ́ láyé.

Àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kámẹ́rà dání máa ń ti gbogbo nǹkan sí àárín láìronú, àti pé òfin náà yóò kọ́ ọ ní ìrònú. Òótọ́ ni pé fọ́tò irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà dára. Ó yẹ kí wọ́n wá yẹ ọ̀kan wò dáadáa kí wọ́n tó dá àárín lẹ́bi. Fọ́tò ìyàwó níbi òde ìgbéyàwó ni kó jẹ́: ìyàwó wà láàárín lóòótọ́, ṣùgbọ́n òrùlé ìbòrí nìkan ló kún ìdajì òkè àwòrán; etí ìsàlẹ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀; obìnrin kan ń bu ìrẹsì nínú kúlà lẹ́yìn èjìká rẹ̀; àga oníke aláwọ̀ pupa kan sì ń gba ojú ẹni tó ń wò ó ju gèlè rẹ̀ lọ. Ẹni tó yà á dúró jìnnà, kò sì kúrò lójú kan. Kí wọ́n gbé ìyàwó náà lọ sí ìdámẹ́ta ọwọ́ ọ̀tún. Kúlà ṣì wà níbẹ̀. Àga pupa ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì gé. Kò sí ohun tó yí padà ju pé ìyàwó ti sún kúrò níbi tó wà, àyè tó fi sílẹ̀ sì tún ti fi àga pupa hàn sí i. Àárín kọ́ ló ba fọ́tò náà jẹ́. Ẹni tó yà á kò yọ nǹkan kan kúrò ni.

Àwọn onímọ̀ ti gbé òfin yìí sórí ìwọ̀n. Ní 2008, Stephen Palmer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Berkeley tẹ iṣẹ́ kan jáde nípa ibi tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo wà nínú férémù. Bí ohun náà bá dojú kọ ẹni tó ń wò ó tààrà, àárín ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí ó bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n fẹ́ kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ojú rẹ̀ sì kọ sí inú àwòrán. Ìyẹn ni pé ìdúró ohun náà ló ń yan àyè fún un. Ní 2014, àwọn olùwádìí láti Jena ní Jámánì yẹ ọ̀pọ̀ fọ́tò tó dára àti àwòrán ọlọ́dà wò, wọ́n sì rí i pé ipa tí òfin ìdámẹ́ta ń kó nínú wọn kéré, bí ó bá tilẹ̀ ń kó ipa kankan rárá. Ìwádìí méjì kò tó láti pa ẹnu gbogbo ènìyàn mọ́. Ó tó láti fi bi olùkọ́ tó ń pe ìmọ̀ràn yìí ní ìpìlẹ̀ pé ta ló sọ fún un.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju ti ilé ìwádìí lọ wà lára ògiri pálọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Fọ́tò àgbà tó jókòó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: àgbà náà dojú kọ kámẹ́rà gan-an, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún méjèèjì, ó ya ẹsẹ̀ kí agbádá tàbí ìró lè tẹ́ rẹrẹ, ojú rẹ̀ tutù, kámẹ́rà ò gùn un lókè, kò sì bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló sì hàn láti orí dé bàtà. Stephen Sprague, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà kan tó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún, ṣàlàyé irú àwòrán yìí nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1978. Ó rí i pé ìlànà tó gún régé ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń tẹ̀ lé, àti pé ìlànà náà bá ojú tí Yorùbá fi ń wo ipò àti ìwà ènìyàn mu. Àárín àwòrán ni ipò ẹni náà. Ìdọ́gba ọ̀tún àti òsì ni ìfarabalẹ̀ rẹ̀. Aṣọ tó tẹ́ ni ọlá rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ há òfin ìdámẹ́ta sórí bá sún àgbà yìí sí ẹ̀gbẹ́, tí ó wá fi ògiri òfìfo kún ìyókù, àwọn ọmọ àgbà náà yóò bi í léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ jókòó sí àyè tó ṣófo yẹn, ìbéèrè wọn yóò sì bọ́gbọ́n mu. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn olùkọ́ orí fóònù kì í rò. Fọ́tò yìí yóò ṣiṣẹ́ púpọ̀ láyé: wọn yóò gbé e kọ́ sókè lára ògiri, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, lọ́jọ́ kan wọn yóò gé ojú rẹ̀ jáde fún ìwé ìkéde ìsìnkú. Ẹni tó wà láàárín, tí àyè sì yí i ká, ni wọ́n lè lò fún gbogbo èyí.

Fọ́tò ìbejì ló wá pa òfin náà lẹ́nu mọ́ pátápátá. Sprague kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán máa ń ya èyí tó kù láyé, yóò sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan ṣoṣo, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù láyé yóò wọ aṣọ tirẹ̀ nígbà kan, yóò tún wọ irú aṣọ tí ìkejì rẹ̀ ì bá wọ̀ nígbà kejì. Àwọn mìíràn a máa lo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ dípò ère ìbejì. Bí wọ́n bá wo ìtò rẹ̀: ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní àárín gan-an, ó sì pín pépà sí ọgbọọgba. Ohun tí gbogbo ìwé àkọ́bẹ̀rẹ̀ ń kìlọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kó má ṣe ni. Kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà tò ó, nítorí pé ìdọ́gba àwọn méjèèjì ni gbogbo ohun tí fọ́tò náà wá sọ. Tí apá kan bá gba ìdá méjì, tí èkejì gba ìdá kan, ọ̀kan ti kéré sí èkejì nìyẹn, ìdílé tó sanwó iṣẹ́ náà ò sì ní gbà á. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìlá kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn lófin kí wọ́n tó mọ èyí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí àwòrán ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sílẹ̀ Yorùbá. Ní Washington ní 1942, ayàwòrán Gordon Parks ya Ella Watson, obìnrin adúláwọ̀ tó ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba: ó dúró láàárín, ó dojú kọ kámẹ́rà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, igi ìnulẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àsíá Amẹ́ríkà sì so rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀sùn ni fọ́tò náà, iwájú adájọ́ ni ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn sì máa ń dúró sí, kì í fara pa mọ́ sí igun. J. D. ’Okhai Ojeikere, ayàwòrán tí wọ́n bí ní 1930 ní apá ibi tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, tó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Àwòrán náà tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kí ó tó kú ní 2014. Ẹ̀yìn orí ló ya jù lọ, láàárín, lórí ẹ̀yìn àwòrán tí kò ní nǹkan kan lára. Ó mú ojú obìnrin kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí irun. Yíyọ tó yọ ojú kúrò yìí ni ìtò àwòrán rẹ̀. Àárín kàn tẹ̀ lé e ni.

Seydou Keïta, ayàwòrán kan ní Bamako ní ilẹ̀ Mali, tún fi hàn pé àwọn òfin kéékèèké tó máa ń tẹ̀ lé òfin ìdámẹ́ta náà kò lágbára tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀yìn àwòrán máa wà láìní bátànì. Keïta, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1948, máa ń na aṣọ aláràbarà sẹ́yìn obìnrin tó wọ aṣọ aláràbarà, nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, pẹ̀lú kámẹ́rà ńlá tó ń lo fíìmù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 18. Bátànì wọnú bátànì títí tí aṣọ àti ògiri fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan, tí ojú àti ọwọ́ obìnrin náà sì yọ jáde láàárín wọn bí ohun kan ṣoṣo tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú ariwo. Fíìmù wọ́n, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń ya oníbàárà. Ẹni tó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, kì í sì í bèèrè lọ́wọ́ ìlà.

Àwọn kan yóò pe Henri Cartier-Bresson, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, lẹ́lẹ́rìí fún òfin, nítorí pé ó kọ́ iṣẹ́ ọ̀dà lọ́dọ̀ André Lhote, ó sì gba ìwọ̀n àti ìrísí gbọ́ gidigidi. Ẹlẹ́rìí náà kò bá wọn ṣe. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952 ló ti sọ ọ́ gbangba pé òun kò gbàdúrà pé kí ọjọ́ kan dé tí ilé ìtajà yóò máa ta ìlà tí ènìyàn lè so mọ́ ojú kámẹ́rà. Ọjọ́ náà ti dé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n tilẹ̀ ń pín in báyìí. Fọ́tò rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, èyí tó yà lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè Saint-Lazare ní Paris ní 1932, ní ọkùnrin kan tó ń fò lókè omi, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ojú omi. Ọkùnrin náà wà nítòsí etí ọwọ́ ọ̀tún, ibẹ̀ náà ló sì ń fò lọ, tó fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àyè níwájú rẹ̀. Olùkọ́ òfin ì bá fi ìlà pupa fà á: "fi àyè sílẹ̀ níwájú ẹni tó ń rìn". Àìsí àyè yẹn gan-an ló jẹ́ kí ìfò náà le. Nítorí pé àárín àwọn pákó ọgbà ló ti yà á, ó gé apá òsì dànù nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́; ọ̀kan nínú ìwọ̀nba fọ́tò tó gbà kí wọ́n gé ni.

Kí ló wá yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ mọ̀? Ohun àkọ́kọ́ ni ìpinnu: kí ni àwòrán yìí wá fi hàn? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ṣeé sọ ní gbólóhùn kan. "Òde ìgbéyàwó" kì í ṣe ìdáhùn. "Ìyá ìyàwó ń gbìyànjú kó má sunkún" jẹ́ ìdáhùn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lé kúlà, àga pupa àti òrùlé ìbòrí jáde kí ayàwòrán tó gbé kámẹ́rà sójú.

Lẹ́yìn ìpinnu ni ibi ìdúró. Ibí ni ó yẹ kí wọ́n pẹ́ sí jù nígbà ìkẹ́kọ̀ọ́, ibí náà ni wọn kì í pẹ́ sí rárá. Bí iwájú àti ẹ̀yìn ṣe tóbi sí ara wọn nínú fọ́tò kò sí lọ́wọ́ lẹ́ǹsì. Ọwọ́ ibi tí ayàwòrán dúró sí ló wà. Lẹ́ǹsì kàn ń gé inú ohun tí ibi ìdúró ti tò sílẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ fóònù ní lẹ́ǹsì tó fẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ kí ojú ènìyàn kún gíláàsì ní láti sún mọ́ ọn gan-an. Imú á wú, etí á sá sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n yà á sì máa bèèrè bóyá bẹ́ẹ̀ lòun rí. Kí ayàwòrán sún sẹ́yìn, kí ó lo lẹ́ǹsì tó ń fa nǹkan mọ́ra bí ó bá wà, tàbí kí ó gé àwòrán lẹ́yìn náà. Kí ó kúnlẹ̀, orí ọmọdé á kúrò lára ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, á bọ́ sára ògiri. Kí ó yí ẹsẹ̀ méjì sọ́wọ́ òsì, òpó iná tó dà bíi pé ó ń hù lórí bàbá àgbà á yẹ̀ kúrò. Kò sí ìlà kankan tó lè ṣe èyí fún un, ẹsẹ̀ ló ń ṣe é.

Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kàn. Ojú ènìyàn máa ń sáré sí ohun tó fẹ́ràn, kì í sì í rí etí àwòrán. Bí wọ́n ṣe ń kó ọwọ́ àlejò tó na fóònù sókè, ìdajì orí ẹni tó ń kọjá àti ìrù ajá wọnú fọ́tò nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti fi ojú yí etí àwòrán ká kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó sì wúlò ju òfin mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yìn àwòrán àti ìmọ́lẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀, pàápàá fún ẹni tó ń ya aláwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ kí gbogbo ohun tó rí bọ́ sí àárín funfun àti dúdú. Bí ènìyàn dúdú bá wọ léèsì funfun, tí ó sì dúró síwájú ògiri funfun, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ẹni náà á sì ṣókùnkùn. Kí ẹni náà wà ní ìdámẹ́ta tàbí kí ó wà láàárín, ojú rẹ̀ kò ní hàn. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi ojú rẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú ògiri funfun, tàbí kí wọ́n yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ̀. Òfin tí wọ́n kọ fún pápá àti sánmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò mọ nǹkan kan nípa èyí, kò sì jẹ gbèsè láti mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ àyè tó kàn, nígbà yẹn ó sì ti máa ń yanjú ara rẹ̀. Ẹni tó dojú kọni fẹ́ àárín. Ẹni tó ń wo nǹkan kan fẹ́ kí wọ́n fi ohun tó ń wò hàn, tàbí kí wọ́n fi pamọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ṣeni ní kàyéfì. Onílù tó ju ọwọ́ sókè fẹ́ àyè fún ọ̀pá ìlù. Ibi tó bá bọ́ sí lè jẹ́ ìdámẹ́ta, ó lè jẹ́ ìdámárùn-ún.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló kù fún àwọn olùgbèjà, ìyẹn ni pé ó yẹ kí ènìyàn mọ òfin kí ó tó rú u. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ó gbà láìbéèrè pé òfin ni. Ọ̀gá àgbà Ìlá tó tẹ ìbejì ní ọgbọọgba kò rú òfin kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni tí wọ́n sì kọ́ ní òfin fún ọdún kan kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Yóò máa ya ènìyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò máa fi àyè òfìfo sí èkejì, gbogbo fọ́tò rẹ̀ yóò sì jọra bí ẹni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń ya gbogbo ayé. Àwòrán tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ti fi èyí hàn tó.

Ìlà orí gíláàsì ní iṣẹ́ kan tó dára: ó ń jẹ́ kí ilẹ̀ dúró déédéé, kí òpó ilé má sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tàn án nígbà tó bá ń ya ilé, kí ó pa á nígbà tó bá ń ya ènìyàn. Fún ìdánrawò, kí ó ya ohun kan náà láti ibi ìdúró mẹ́fà láìfi ọwọ́ kan àwọn tó wà níbẹ̀, kí ó tẹ gbogbo wọn, kí ó tò wọ́n sílẹ̀, kí ó sì yí wọn sódì kí ojú àti ẹ̀rín ẹnikẹ́ni má baà tàn án. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi pépà funfun bo apá kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Apá tí àwòrán kò bá pàdánù nǹkan kan nígbà tí wọ́n bò ó kò yẹ kó ti wà níbẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì padà lọ wá ibi ìdúró tí kò ní kó o wọlé.